Sẹ́ntífúùjì wo ló yẹ láàbù kékeré l'Óṣogbo? Ìfiwéra oríṣi márùn-ún

Sẹ́ntífúùjì ni ẹ̀rọ tó ń yí túùbù po kí sẹ́ẹ̀lì lè yà kúrò lára omi. Nọ́ńbà tí àwọn tó ń tà á máa ń kọ́kọ́ nawọ́ sí ni rpm, ìyẹn iye ìgbà tí ẹ̀rọ ń yí po láàárín ìṣẹ́jú kan: 4,000, 5,000, 6,000. Nọ́ńbà yẹn nìkan ò tó fi rajà. Ohun tó ń fa sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ lọ sí ìdí túùbù ni agbára òòyì, tí à ń fi g kà. Bí ẹ̀rọ ṣe ń sáré tó àti bí ìdí túùbù ṣe jìnnà sí àárín rótọ̀ (apá tó gbé túùbù, tó ń yí po) tó, àwọn méjèèjì ló ń pinnu rẹ̀. Ẹ̀rọ méjì lè jọ máa yí po ní ìgbà 3,000 ní ìṣẹ́jú, kí ọ̀kan mú 1,006 g wá, kí èkejì mú 1,610 g wá, torí pé sẹ̀ńtímítà 10 ni ti àkọ́kọ́, 16 sì ni ti èkejì.

Ìṣirò rẹ̀ ò le. Ẹ fi rúlà wọn láti àárín ọ̀pá tó gbé rótọ̀ dúró dé ìdí túùbù. Tó bá jẹ́ alágbọ̀n tó ń fì (èyí tí túùbù ń wà nínú agbọ̀n tó ń fì síta bí ẹ̀rọ bá ń yí), ẹ na agbọ̀n náà síta bó ṣe máa wà nígbà tó bá ń yí, kí ẹ tó wọ̀n ọ́n. Ẹ fi sẹ̀ńtímítà yẹn sọ 11.18 di púpọ̀. Ẹ pín rpm sí ọ̀nà 1,000, ẹ fi èyí tó bá jáde sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, kí ẹ wá fi ìyẹn sọ ti àkọ́kọ́ di púpọ̀. Fún àpẹẹrẹ, 11.18 × 10 × 3 × 3 jẹ́ 1,006. Bí òǹtajà bá ní ẹ̀rọ òun ń ṣe 3,000 g, tí rúlà yín sì ní kò lè kọjá 1,790, rúlà ni kí ẹ gbà gbọ́.

Ohun tí iṣẹ́ ojoojúmọ́ ń béèrè rèé, pẹ̀lú rpm tí rótọ̀ kékeré àti rótọ̀ ńlá máa nílò:

| Iṣẹ́ | g | Ìṣẹ́jú | rpm ní 10 cm | rpm ní 16 cm |
|---|---|---|---|---|
| Omi ẹ̀jẹ̀ (serum) | 1,000–1,300 | 10 sí 15 | 3,000–3,400 | 2,400–2,700 |
| Ẹ̀jẹ̀ inú citrate (tí kì í jẹ́ kó dì) fún PT àti APTT, àyẹ̀wò dídì ẹ̀jẹ̀ | 1,500 | 15 | 3,650 | 2,900 |
| Ìtọ̀ | 400 | 5 | 1,900 | 1,500 |
| PCV (ìdá sẹ́ẹ̀lì pupa nínú ẹ̀jẹ̀) | 10,000–15,000 | 5 | ẹ̀rọ tirẹ̀ lọ́tọ̀ | ẹ̀rọ tirẹ̀ lọ́tọ̀ |

Ẹ wo tábìlì yẹn dáadáa. Yàtọ̀ sí PCV, kò sí iṣẹ́ kan níbẹ̀ tó nílò 6,000 rpm. Láàbù tó kàn ń ṣe ṣúgà, ẹ̀dọ̀, kíndìnrín, Widal (àyẹ̀wò táífọ́ọ̀dù) àti ìtọ̀ ò ní í fi eré àsápajúdé ṣe nǹkan kan. Ibi tó ti yẹ kí owó wọn lọ ni ẹ̀rọ tí eré rẹ̀ ò ní í máa yí padà, tí ọmọrí rẹ̀ ń tì, tí ẹni tó máa tún un ṣe sì wà nítòsí.

Èyí tí à ń fi ọwọ́ yí

Túùbù mẹ́rin ló sábà máa ń gbà, wọ́n á fi ìdè rẹ̀ mọ́ etí tábìlì. Ó dára fún ìtọ̀ nígbà tí iná bá lọ, torí pé 400 g ò ju agbára ọwọ́ lọ. Fún omi ẹ̀jẹ̀, ẹ má gbára lé e: ọwọ́ ẹni tó ń yí i á rẹ̀ kí ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó pé, eré á máa lọ sókè sódò, àyẹ̀wò t'àárọ̀ ò sì ní í bá t'ọ̀sán dọ́gba. Ẹ rà á ṣe àfẹ̀yìntì, kó wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù.

Oníkábọ́ọ̀nù: irú 800D àti 80-2

Èyí ló wọ́pọ̀ jù ní láàbù kékeré, torí owó rẹ̀ ò ga, Ṣáínà ló sì ti ń wá. 800D ń gba túùbù mẹ́fà, 80-2 ń gba méjìlá, àwọn méjèèjì sì máa ń dé 4,000 rpm. Ihò inú rẹ̀ dagẹ̀rẹ̀. Ó ní bọ́tìnì kan tí à ń yí fún eré, àti táímà onísípíríǹgì tó ń ka ìṣẹ́jú. Ó ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀, kò sí àní-àní, àmọ́ àwọn àbùkù rẹ̀ ṣe é mọ̀ ṣáájú.

Àkọ́kọ́ ni bọ́tìnì eré. Àwọn ìlà tó wà lára rẹ̀ kì í sọ òótọ́ tó. Ibi tí wọ́n kọ "3" sí lè jẹ́ 2,600 lórí ẹ̀rọ kan, kó jẹ́ 3,300 lórí òmíràn tó jáde láti inú páálí kan náà. Ẹ ra tákòmítà oníná, ohun èlò tó ń wọn rpm, èyí tí à ń tan iná rẹ̀ sí bébà tó ń dán. Ẹ lẹ bébà rẹ̀ mọ́ orí rótọ̀, ẹ wá fi máàkà ya ìlà sára bọ́tìnì níbi tó bá ti jẹ́ 1,900 àti 3,400 gan-an. Oṣù mẹ́ta-mẹ́ta ni kí ẹ máa tún un wọ̀n, kí ẹ sì máa kọ ọ́ sínú ìwé. Irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni àwọn MLSCN, ìgbìmọ̀ ìjọba tó ń bójú tó iṣẹ́ láàbù ní Nàìjíríà, máa ń béèrè tí wọ́n bá wá wo láàbù.

Ìkejì ni táímà. Onísípíríǹgì ni, kò nílò iná. Tí iná bá lọ ní ìṣẹ́jú kẹta, rótọ̀ á dúró ṣùgbọ́n táímà á máa ka nìṣó. Ẹni tí kò sí nítòsí á padà wá bá a pé àkókò ti pé, á rò pé ẹ̀jẹ̀ ti yí tó. Èyí tó tún burú ju ìyẹn ni kí iná dé padà kí táímà tó parí: ẹ̀rọ á gbéra lójijì lórí eré tí ẹ fi bọ́tìnì sí, láìlọ díẹ̀díẹ̀. Bí ẹnì kan bá ti ṣí ọmọrí, tó sì ti ki ọwọ́ bọ inú rẹ̀ láti yọ túùbù, ìjàǹbá dé nìyẹn. Àṣà tó yẹ kí gbogbo òṣìṣẹ́ mọ̀ ni pé bí iná bá ti lọ, ẹ yí bọ́tìnì sí òdo, ẹ yọ ṣọ́kẹ́ẹ̀tì, lẹ́yìn náà ni ẹ tó ṣí i.

Ìkẹta ni kábọ́ọ̀nù fúnra rẹ̀, àwọn ègé dúdú méjì tó ń gbé iná wọ inú ẹ́ńjìnì. Ó ń jẹ díẹ̀díẹ̀ ni. Ẹ ó rí iná búlúù tó ń ṣẹ́ yẹ́ríyẹ́rí láti ojú ihò afẹ́fẹ́, òórùn jíjóná á jáde, eré á sì máa ṣe gìrì-gìrì. Méjèèjì lẹ máa pààrọ̀ papọ̀, kódà bí ọ̀kan ṣì gùn. Kí ẹ tó fi tuntun sí i, ẹ wo ojú bàbà tí kábọ́ọ̀nù ń fara kàn: tó bá ti dúdú, ẹ fi sáńpépà onígíláàsì tó kúnná nù ún, ẹ má lo èyí tí wọ́n fi ń họ irin, torí èérún rẹ̀ ń gbé iná, ó sì lè há sí àárín bàbà. Lẹ́yìn náà, ẹ jẹ́ kó yí lófìfo lórí eré kékeré fún bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí kábọ́ọ̀nù lè jókòó. Rewáyà tó mọ iṣẹ́ lè ṣe gbogbo èyí fún yín láìjẹ́ pé ẹ gbé ẹ̀rọ kúrò l'Óṣogbo. Nǹkan ńlá nìyẹn.

Àwọn tó kù: ọ̀pọ̀ wọn ò ní kọ́kọ́rọ́ tó ń ti ọmọrí bó ṣe ń yí, wọn ò sì ní búréèkì. Àwọn òṣìṣẹ́ máa ń fi ọwọ́ dá rótọ̀ dúró. Yàtọ̀ sí pé ìka lè ṣẹ́, dídá tí wọ́n ń dá a dúró lójijì yẹn ń po sẹ́ẹ̀lì padà mọ́ omi tó ti yà, gbogbo ìṣẹ́jú mẹ́wàá yẹn di òfo. Ihò rẹ̀ tún tóbi, túùbù mílílítà 20 ni wọ́n gbẹ́ ẹ fún. Túùbù fákúúmù tó fẹ̀ ní mìlímítà 13 á máa mì nínú rẹ̀, á sì rì débi pé ẹ ò ní í rí orí rẹ̀ mú. Àwọn kan ń fi òwú dí i. Òwú tí ẹ̀gbẹ́ kan bá mu omi, tí ẹ̀gbẹ́ kejì ò mu, ìwọ̀n ti yàtọ̀ nìyẹn. Ẹ ra ike àbọ̀sínú rẹ̀, gbogbo ihò ni kó sì ní in. Rọ́bà kékeré tó wà ní ìdí ihò, ẹ má jẹ́ kó sọnù: òun ló ń gba túùbù onígíláàsì lọ́wọ́ fífọ́.

Aláìníkábọ́ọ̀nù, onígẹ̀rẹ́

Ihò tirẹ̀ náà dagẹ̀rẹ̀, túùbù mẹ́fà sí méjìlá ló sábà máa ń gbà, àmọ́ kọ̀ǹpútà kékeré ló ń darí ẹ́ńjìnì rẹ̀. Ẹ ó tẹ rpm tàbí g tí ẹ fẹ́, yóò gòkè díẹ̀díẹ̀ dé ibẹ̀, yóò sì dúró síbẹ̀. Ọmọrí rẹ̀ á tì gbọn-in títí rótọ̀ fi máa dákẹ́. Tí ìwọ̀n bá yàtọ̀, á mọ̀, á sì dúró. Nínú irú èyí ni Hettich EBA 200 tó ń wá láti Tuttlingen ní Jámánì wà, túùbù mẹ́jọ ti mílílítà 15, 6,000 rpm. Ilé-iṣẹ́ Ṣáínà náà ń ṣe irú rẹ̀ lónírúurú, iye rẹ̀ sì máa ń wà láàárín oníkábọ́ọ̀nù àti ti Jámánì.

Àǹfààní tó tóbi jù ni pé àyẹ̀wò oní á jọ ti àná. Tí ẹ bá fi ẹ̀jẹ̀ sínú oníkábọ́ọ̀nù lórí 3,400 rpm, tí fólítéèjì wá wálẹ̀ lọ́sàn-án débi pé eré bọ́ sí 2,800, g á já láti nǹkan bí 1,290 sí 877. Nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta agbára ti lọ, kò sì sí ohun tó máa sọ fún yín. Aláìníkábọ́ọ̀nù á fẹ́ di eré rẹ̀ mú, tí kò bá sì ṣe é ṣe mọ́, á kọ àṣìṣe sójú rẹ̀.

Àbùkù rẹ̀ ni pákó iná tó wà nínú rẹ̀. Kì í jẹ díẹ̀díẹ̀ bíi kábọ́ọ̀nù. Ó lè kú lọ́jọ́ kan ṣoṣo tí àrá sán tàbí tí iná dé pẹ̀lú agbára tó pọ̀ jù. Tó bá kú, rewáyà ò lè ṣe nǹkan kan sí i. Èkó ni yóò lọ tàbí kí ẹ dúró de pákó tuntun láti òkè òkun. Torí náà, ìbéèrè tó ṣe pàtàkì jù kí ẹ tó ra irú èyí ni: ta ni aṣojú ilé-iṣẹ́ náà ní Nàìjíríà, ṣé pákó rẹ̀ wà lọ́wọ́ wọn nísinsìnyí, àti pé ọjọ́ mélòó ni wọ́n fi ń tún un ṣe? Bí ìdáhùn bá ń yí gbirigbiri, ẹ ra oníkábọ́ọ̀nù méjì dípò rẹ̀.

Nǹkan kan tún wà tí kì í sí ẹni tó sọ fún oníbàárà. Tí iná bá lọ, ọmọrí á wà ní títì pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ àwọn aláìsàn nínú rẹ̀. Ihò kékeré kan wà lábẹ́ tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ, tí ẹ máa ki ọ̀pá tín-ín-rín bọ̀, tàbí kí okùn kan wà tí ẹ máa fà. Ẹ ní kí wọ́n fi hàn yín ní ṣọ́ọ̀bù, kí ẹ sì fi sẹ́lótéèpù lẹ ọ̀pá náà mọ́ ara ẹ̀rọ. Ẹ dúró kí rótọ̀ dákẹ́ pátápátá kí ẹ tó lò ó.

Alágbọ̀n tó ń fì

Àwọn túùbù kan ní gel, ohun tó ń dúró sáàárín omi ẹ̀jẹ̀ àti sẹ́ẹ̀lì. Nínú onígẹ̀rẹ́, gel máa ń dagẹ̀rẹ̀ sínú túùbù, apá kan rẹ̀ á fẹ́lẹ́, sẹ́ẹ̀lì díẹ̀ sì lè gba ibẹ̀ yọ. Ìdí nìyẹn tí túùbù onígel fi ń gba ìṣẹ́jú 15 nínú onígẹ̀rẹ́, tó sì jẹ́ 10 péré nínú alágbọ̀n. Agbọ̀n máa ń dìde dùbúlẹ̀ bí eré bá ti pọ̀, gel á tẹ́ pẹrẹsẹ, omi ẹ̀jẹ̀ á sì rọrùn láti fà láìfọwọ́kan ìsàlẹ̀. Fún PT àti APTT, níbi tí a ò ti fẹ́ kí platelet (sẹ́ẹ̀lì kéékèèké tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì) pọ̀ nínú plasma (omi ẹ̀jẹ̀ tí kò tíì dì), èyí ló dára jù. Eppendorf 5702, ti Hamburg, ń dé 4,400 rpm àti 3,000 g.

Ó wúwo, ó ń gba àyè, ó sì ń béèrè ìtọ́jú. Gbogbo agbọ̀n ló gbọ́dọ̀ wà ní ìjókòó, kódà èyí tó ṣófo. Àwọn tó kọjú síra gbọ́dọ̀ dọ́gba ní ìwọ̀n. Wọ́n sábà máa ń tẹ ìwọ̀n sára wọn, torí náà ẹ má kàn mú èyíkéyìí tó bá wá sọ́wọ́. Èékánná irin tí agbọ̀n fi rọ̀ nílò gíríìsì díẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Tó bá gbẹ, agbọ̀n kan á dìde, èkejì á há, ẹ̀rọ á sì máa fò lórí tábìlì.

Láàbù tó ń gba túùbù onígel láti ilé ìwòsàn míì, tàbí tó ń ṣe àyẹ̀wò dídì ẹ̀jẹ̀, ni kó ná owó sórí èyí. Láàbù tó ń lo túùbù olórí pupa lásán tí kò ní gel ò nílò rẹ̀.

Ti PCV

Ẹ̀rọ tirẹ̀ ni, rótọ̀ rẹ̀ fẹ̀ bí àwo, ó ń gba ìgò tín-ín-rín 24, ó sì ń dé nǹkan bí 12,000 rpm. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta "ọ̀kan ṣe gbogbo rẹ̀" fún yín àfi tí ẹ bá rí rótọ̀ méjèèjì lójú yín. Rọ́bà tó yí etí rẹ̀ ká ni kí ẹ máa wò: tí ó bá ti ní ihò, ẹ̀jẹ̀ á máa jò jáde láti ìdí ìgò, PCV á sì máa kéré ju bó ṣe yẹ lọ.

Ọ̀rọ̀ iná

Òṣogbo níbí ni ibùdó tí wọ́n ti ń darí iná gbogbo orílẹ̀-èdè wà, àmọ́ ẹni tó ní láàbù ní Ọlá-Ìyá tàbí Alékúwodò mọ̀ pé ìyẹn ò dá iná dúró sílé ẹni. Ẹ fi sítábíláísà sáàárín ògiri àti ẹ̀rọ, ẹ̀rọ yòówù kó jẹ́. Tó bá jẹ́ ìnfátà lẹ fẹ́ lò, ẹ ra èyí tí ìgbì iná rẹ̀ rí bíi ti NEPA gan-an, ìyẹn pure sine. Bọ́tìnì eré oníkábọ́ọ̀nù máa ń ṣe ségesège lórí ìnfátà olówó pọ́ọ́kú, ẹ́ńjìnì á máa kùn, á sì máa gbóná. Ẹ wo watt tó wà lẹ́yìn ẹ̀rọ, kí agbára ìnfátà fi ìlọ́po méjì sí mẹ́ta jù ú lọ, torí pé ìgbà tó bá ń gbéra ló ń fa iná jù. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí fìríìjì àti fáànù jọ ń fà, ẹ má so aláìníkábọ́ọ̀nù mọ́ ọn.

Tí iná bá lọ láàárín iṣẹ́, ẹ bẹ̀rẹ̀ àkókò láti ìbẹ̀rẹ̀ fún túùbù tí kò ní gel. Túùbù onígel tí gel rẹ̀ ti gòkè tí ó sì ti dí, ẹ má tún un yí: sẹ́ẹ̀lì tó wà lábẹ́ á tú potassium sínú omi, èsì á sì ga lásán. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dúró títí di ìgbà tí iná bá wù ú láti dé. Bí ẹ ò bá yà á, sẹ́ẹ̀lì á máa jẹ ṣúgà inú rẹ̀ ní bí ìdá 5 sí 7 nínú ọgọ́rùn-ún ní wákàtí kan. Kì í ṣe torí èyí la ṣe ní kí ẹ ní èyí tí à ń fi ọwọ́ yí o. Fún ṣúgà, túùbù olórí eérú tó ní fluoride ni ojútùú rẹ̀.

Tòkunbọ̀

Tó bá ti Amẹ́ríkà wá, ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀ kí ẹ tó kì í mọ́ iná. Èyí tí wọ́n kọ 115 V sí á jó ní ìṣẹ́jú àáyá tí ó bá kan iná 230 V wa. Kódà tí ẹ bá fi tíránsífọ́mà sí i, èyí tí ẹ́ńjìnì rẹ̀ ń tẹ̀lé 60 Hz á máa yí ní ìdá márùn-ún nínú mẹ́fà eré rẹ̀ lórí 50 Hz tiwa: 3,400 á di nǹkan bí 2,830. Ẹ yọ rótọ̀ rẹ̀, ẹ gbé e sábẹ́ oòrùn, ẹ wo ìdí ihò kọ̀ọ̀kan. Ojú kékeré funfun tí jíìkì ti jẹ lára alumíníọ̀mù, tàbí ìlà bí irun, ó tó láti kọ̀ ọ́. Rótọ̀ tó bá fọ́ lórí eré máa ń gba ara ẹ̀rọ jáde ni.

Ẹ̀kọ́ kan náà fún tuntun: tí ẹ̀jẹ̀ bá dà sínú rẹ̀, ẹ ti ọmọrí fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí ìkùukùu inú rẹ̀ lè balẹ̀, ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ fi ọtí ìdá 70 nù ún. Tó bá di dandan kí ẹ lo jíìkì, ẹ fi omi ṣàn án kíákíá, kí ẹ sì nù ún gbẹ.

Èwo ni kí ẹ rà?

Láàbù tuntun tí kò ní ju túùbù ogún lọ lójúmọ́: 800D kan, èyí tí à ń fi ọwọ́ yí kan, tákòmítà kan, àti ti PCV. Láàbù tó ti ń ṣiṣẹ́ dáadáa, tí ìnfátà rẹ̀ sì dára: aláìníkábọ́ọ̀nù onítúùbù mẹ́jọ fún ẹ̀jẹ̀, kí 800D àtijọ́ di ti ìtọ̀. Ilé ìwòsàn tó ní yàrá iṣẹ́ abẹ tàbí tó ń ṣe PT: alágbọ̀n, láìsí àríyànjiyàn. A ò rí ìdí tí láàbù kékeré fi máa kọ́kọ́ ra 80-2 onítúùbù méjìlá. Tí ó bá bàjẹ́, gbogbo iṣẹ́ dúró, nígbà tí 800D méjì máa ń fi ọ̀kan sílẹ̀ fún yín.

Ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ má san owó lórí páálí tí wọn ò ṣí. Ẹ gbé túùbù tiyín lọ. Ẹ rọ omi sínú méjì, ẹ fi òṣùwọ̀n wọn wọ́n dọ́gba, ẹ fi wọ́n kọjú síra, ẹ jẹ́ kó yí lórí 3,400 fún ìṣẹ́jú 15. Ẹ gbé kọ́ọ̀pù omi sórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: tí omi inú rẹ̀ bá ń gbọ̀n kọjá ìgbà tó ń gbéra, ọ̀pá ẹ́ńjìnì ti tẹ̀. Ẹ fi fóònù ka àkókò rẹ̀ mọ́ ti táímà. Ẹ fọwọ́ kan túùbù lẹ́yìn náà. Tó bá gbóná lọ́wọ́, ìgbà ooru oṣù Ẹrẹ́nà á ba ẹ̀jẹ̀ jẹ́ nínú rẹ̀. Kábọ́ọ̀nù méjì àfikún, àti rọ́bà ìdí ihò kan fún ihò kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n wọ inú páálí kan náà pẹ̀lú ẹ̀rọ kí mọ́tò tó gbé e kúrò l'Ékòó.